Upper, Lower tàbí Canyon X: èwo ni kí ẹ sanwó fún ní Antelope Canyon?

Fọ́tò yẹn ti kárí ayé: ògiri àpáta pupa tó ń wé kiri bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́, ìtànṣán oòrùn kan ṣoṣo tó já láti òkè wá sórí yanrìn. Antelope Canyon ni, lẹ́bàá ìlú Page ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí fọ́tò náà kì í sọ ni pé ibẹ̀ kì í ṣe ojú kan. Bí ẹ bá ti ní kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ mẹ́ta ló máa pàdé yín: Upper, ìyẹn ti òkè, Lower, ti ìsàlẹ̀, àti Canyon X. Owó wọn ò dọ́gba, ìrìn inú wọn ò dọ́gba, àwòrán tí ẹ máa gbé jáde níbẹ̀ ò sì jọra. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń mú èyí tó lókìkí jù ni. Wọ́n á san owó gọbọi, wọ́n á wá débẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ìtànṣán tí wọ́n torí ẹ̀ wá kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ èrò mi ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wákàtí tí ẹ máa wọlé àti orúnkún ẹni tí ẹ mú dání ló yẹ kí ẹ fi yàn, kì í ṣe òkìkí. Bí ẹ ò bá rí ààyè ọ̀sán gangan ní Upper, láàárín ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, Lower ni kí ẹ lọ.

Ohun tó kan gbogbo wọn

Àpáta kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yanrìn aṣálẹ̀ ìgbà láéláé ló dì títí ó fi di òkúta, ní nǹkan bíi 190 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Navajo Sandstone ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é. Bí òjò bá rọ̀ lọ́nà jíjìn, àgbàrá á kó yanrìn dání, á gba ibi tí àpáta ti sán kọjá, yanrìn náà á sì máa ha àpáta lọ díẹ̀díẹ̀, títí ibi tó sán á fi di ọ̀nà tóóró tó jìn wọnú ilẹ̀. Àgbàrá ló gbẹ́ ibẹ̀, kò sì tíì fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ òjò ṣeré níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, arìnrìn-àjò 11 ló bá omi lọ ní Lower. Òjò tó rọ̀ níbi tí wọ́n dúró sí kò tó nǹkan; èyí tó rọ̀ ní nǹkan bíi máìlì méje sí ibẹ̀ ló rán omi dé bá wọn lójijì. Lóde òní, àtẹ̀gùn irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta ló wà níbẹ̀, rédíò tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí wà lẹ́nu ọ̀nà, fèrè ìkìlọ̀ náà sì wà. Kò sì sẹ́ni tó ń dá wọlé: afinimọ̀nà Navajo ló gbọ́dọ̀ mú yín wọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ Upper, ìbáà jẹ́ Lower, ìbáà jẹ́ X. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni òjò alágbára máa ń wá sí agbègbè yẹn, lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn fagi lé ìrìn yín nítorí ìkùukùu tí ẹ̀yin ò tiẹ̀ rí, ẹ má bá wọn jà. Ojú wọn ti rí i rí.

Ní ti owó, ohun kan máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Yàtọ̀ sí owó ilé-iṣẹ́ tó ń mú yín wọlé, ìjọba Navajo náà ń gba owó ìwọlé lórí olúkúlùkù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan á ti kó o pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n kọ sókè, àwọn mìíràn á fi í pamọ́ títí ẹ ó fi fẹ́ sanwó tán. Nítorí náà, àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ fi wé ara wọn. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé Upper ló sábà máa ń wọ́n jù, ti ọ̀sán gangan sì tún wọ́n ju ti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ lọ. Owó Lower àti X máa ń kéré díẹ̀.

Bí ẹ bá ń ka ìmọ̀ràn àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ìrìn pàtàkì kan wà fún àwọn ayàwòrán, tí wọ́n á gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn tripod, tí afinimọ̀nà á sì dá èrò dúró fún wọn kí ojú ọ̀nà lè mọ́. Wọ́n ti fòpin sí i ní Upper àti Lower láti ìparí ọdún 2019 síbẹ̀. Ibẹ̀ tún wà ní títì pa láti oṣù Kẹta ọdún 2020 títí di oṣù Keje ọdún 2021 nítorí àrùn kòrónà, nígbà tí wọ́n sì ṣí i padà, òfin ti le sí i. Tripod ò wọlé, igi selfie ò wọlé, àpò ẹ̀yìn ò wọlé, dírónù ò gbọ́dọ̀ fò lórí ilẹ̀ náà rárá. Kámẹ́rà yín, fóònù yín, ike omi kan lọ́wọ́, ó parí.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé

Bí wọ́n ṣe rí ló fa gbogbo ìyàtọ̀ tó kù. Upper rí bíi lẹ́tà A: ìsàlẹ̀ gbòòrò, òkè há gádígádí. Lower rí bíi V: òkè là sílẹ̀, ìsàlẹ̀ há débi pé ní àwọn ibì kan ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló lè tẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí pé òkè Upper há, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ìgbà tí oòrùn bá wà lókè orí gangan nìkan ló ń rí ihò gbà wọlé, ìyẹn ló sì ń di ìtànṣán tí gbogbo ayé mọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, láti ìparí oṣù Kẹta dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Oòrùn òtútù kì í gòkè tó, nítorí náà ní oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ẹ má retí ẹ̀. Kódà nígbà tí ìtànṣán bá wà, ojú lásán kì í rí i dáadáa. Ẹ̀rúkù ló ń jẹ́ kó hàn. Bí afinimọ̀nà bá bu yanrìn jù sókè sínú ìmọ́lẹ̀ náà, yanrìn wúwo á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, èyí tó kúnná á wá fò lójú kan, ìtànṣán á sì dúró ketekete bí ẹni pé a lè fọwọ́ gbá a mú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni ẹ ní kí ó tó parẹ́, fóònù bí ogún á sì ti gòkè níwájú yín.

Ẹnì kan ti ta fọ́tò ìtànṣán Upper ní iye tó di ìròyìn káàkiri: lọ́dún 2014, wọ́n kéde pé Phantom, tí ayàwòrán Peter Lik yà níbẹ̀, tà ní mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ dọ́là. Ọ̀pọ̀ ló ti bá a jiyàn lórí iye yẹn. Èyí tó kàn wá ni pé láti ìgbà náà, ojú ibi tí wọ́n ti ya irú ẹ̀ ni gbogbo èrò ń wọ́ lọ, ibẹ̀ ló sì ń kún jù.

Ti Lower yàtọ̀. Òkè rẹ̀ ṣí, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìtànṣán tó dá dúró ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ni ẹ máa rí. Oòrùn á kọlu ògiri lókè, á ta sí ògiri kejì, á tún ta padà sí ìsàlẹ̀, bó bá sì ti ń ta ni pupa rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Níbi tí oòrùn ò bá ti kàn, tó jẹ́ pé búlúù ojú ọ̀run nìkan ló ń dé ibẹ̀, àpáta kan náà á di àlùkò. Pupa, ọsàn àti àlùkò nínú fọ́tò kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán náà dára. Ọ̀sán gangan tó jẹ́ ọba ní Upper gan-an ló burú jù fún Lower, torí oòrùn á bọ́ tààrà sórí ògiri, ojú kan á funfun gbòò, ojú kejì á dúdú.

Ìrìn inú wọn

Upper kúrú, nǹkan bí igba mítà ní gígùn; àpáta rẹ̀ ga ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó nǹkan bí mítà 37. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé yín débẹ̀, lórí yanrìn odò gbígbẹ, ó sì máa ń mi èèyàn jìgìjìgì. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ tẹ́jú, yanrìn ni ẹ ń tẹ̀ wọlé. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti kọ tipẹ́ ni pé Upper kò ní àtẹ̀gùn, kí ẹ kó àwọn arúgbó lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni nígbà náà, tí wọ́n ṣì ń gba ibi tí wọ́n wọlé jáde. Ní báyìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo èrò ń tọ̀: ẹ ó jáde lẹ́yìn, ẹ ó sì gba ọ̀nà irin tó ní àtẹ̀gùn lórí àpáta yípo padà sí ibi tí ọkọ̀ wà, nínú oòrùn. Kò le bíi ti Lower, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré fún màmá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin tó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sọ ọjọ́ orí àti ohun tó ń ṣe yín fún wọn. Àwọn kan tún máa ń béèrè ìjókòó ọmọdé fún àwọn ọmọ kéékèèké nínú ọkọ̀ wọn.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi lọ sí Lower, láti ibi tí ẹ gbé ọkọ̀ yín sí. Lẹ́yìn náà, àtẹ̀gùn irin tó dagun gidi ló máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ wọnú ilẹ̀. Ẹ ó dojú kọ àtẹ̀gùn bí ẹni ń gun àkàsọ̀ ní àwọn ibì kan, ọwọ́ méjèèjì á sì wà lára irin. Fún nǹkan bí irínwó mítà, ẹ ó máa fi ẹ̀gbẹ́ gba ibi tó há, ẹ ó máa tẹrí ba, ẹ ó máa gòkè àtẹ̀gùn kéékèèké. Ní ìparí, ẹ ó yọ jáde láti inú sísán kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ibi tó há bá ń dẹ́rù bà yín, bí orúnkún bá ń dùn yín, tàbí bí ẹ bá gbé ọmọ pọ̀n, ẹ fi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè yí padà láàárín ọ̀nà níbẹ̀ láìdí gbogbo èrò ẹ̀yìn lọ́wọ́.

Canyon X ò ní gba àkókò wa púpọ̀. Àfonífojì Antelope kan náà ni, ní ìwọ̀n máìlì díẹ̀ sí Upper. Ìdílé Navajo kan ló ń mú èèyàn wọ̀ ọ́. Ẹ ó gun ọkọ̀ díẹ̀, ẹ ó sọ àtẹ̀gùn díẹ̀, ẹ ó sì rìn nínú yanrìn. Kò lẹ́wà tó Lower lójú tèmi, ògiri rẹ̀ kò yí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ mọ níwọ̀n, afinimọ̀nà sì ń ráyè bá yín sọ̀rọ̀. Ìdílé tó ní ọmọ tó ń sá sókè sódò, tàbí ẹni tó fẹ́ fọ́tò tí orí àjèjì ò sí nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni kó lọ.

Kámẹ́rà àti fóònù

Láìsí tripod, Upper le fún kámẹ́rà. Òkùnkùn á fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà la ojú pẹ́, ọwọ́ á gbọ̀n, fọ́tò á sì di bàìbàì. Ẹ gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, lọ sí 1600 tàbí 3200, ẹ má bẹ̀rù hóróhóró tó máa jáde nínú rẹ̀. Hóróhóró sàn ju bàìbàì lọ. Ní Lower, 400 sí 800 máa ń tó. Lẹ́ńsì tó gbòòrò ni kí ẹ gbé, irú 16–35 mm, kí ẹ sì ti dè é mọ́ kámẹ́rà láti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú yanrìn yẹn, kó má bi mí ohun tó ṣe kámẹ́rà rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ojú ọ̀run wọnú fọ́tò. Ó mọ́lẹ̀ ju inú àpáta lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bó bá yọjú díẹ̀ báyìí, kámẹ́rà á tẹ̀ lé e, gbogbo ògiri á di dúdú. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára àpáta ni kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kí ẹ yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kí ẹ wá fa òjìji jáde nílé. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà: bí white balance, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ti ń tún àwọ̀ ṣe, bá wà lórí Auto, kámẹ́rà á rò pé pupa tó pọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, á sì fọ̀ ọ́ dànù. Ẹ gbé e sí Cloudy tàbí Shade.

Fóònù ń ṣe dáadáa ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá ní Lower. Ẹ pa fíláàṣì, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń sọ àpáta di pẹlẹbẹ. Ẹ tẹ ojú fóònù níbi tó mọ́lẹ̀ jù, ẹ di ìka mú un títí á fi dúró, ẹ wá fà á sísàlẹ̀ kí ó ṣókùnkùn díẹ̀. Àwọ̀ á jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà ibẹ̀ á gba fóònù lọ́wọ́ yín, wọ́n á tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì ní kí ẹ dúró síbí, kí ẹ gbé fóònù sókè sọ́hùn-ún. Ẹ gbọ́ tiwọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣeré. Kí ẹ sì fún wọn ní nǹkan tí ẹ bá jáde; ó wà nínú àṣà ibẹ̀, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń fún wọn.

Bí yanrìn bá bá lẹ́ńsì, ẹ fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má fi aṣọ nù ún, yóò ha.

Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín, ẹ̀yin ará Houston àti Atlanta pàápàá, ti ń ro aṣọ òkè àti gèlè. Ẹ rọra. Fọ́tò òwò àti ti ìgbéyàwó nílò ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ìjọba Navajo, wọn ò sì ní dúró de ẹni tó ń tún gèlè wé. Ìró kò tiẹ̀ bá àtẹ̀gùn Lower lò. Ṣòkòtò àti bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Àwọ̀ tó máa yọ nínú fọ́tò ni funfun tàbí búlúù. Ẹni tó bá wọ pupa, àpáta á gbé e mì.

Bí ẹ ò bá fẹ́ èrò rárá

Wire Pass wà, ní ààlà Utah àti Arizona, níbi tí ẹ ti lè rìn wọ Buckskin Gulch, ọ̀kan lára àwọn àfonífojì tóóró tó gùn jù láyé. Kò sí afinimọ̀nà, tripod wọlé, dọ́là mẹ́fà lórí èèyàn kan fún ọjọ́ kan ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Èmi ò ní rán ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ síbẹ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ tó lọ síbẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ò lè kọjá bí òjò bá rọ̀, àgbàrá tí mo sọ lókè sì ń gba ibẹ̀ náà kọjá láìsí ẹni tó máa fọn fèrè fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ tripod gan-an, àwọn àfonífojì mìíràn wà lórí ilẹ̀ Navajo lẹ́bàá Page tí wọ́n ń fi afinimọ̀nà wọ̀, bíi Secret Canyon àti Cardiac Canyon. Ẹ bi wọ́n nípa tripod kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Aago, kí ẹ má baà pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ìrìn ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Arizona kì í yí aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tibẹ̀, láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, Utah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń yí i, ilẹ̀ Navajo náà ń yí i. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń mú èèyàn wọ Antelope Canyon, aago Arizona, ìyẹn ti Phoenix, ni wọ́n ń lò. Fóònù yín á gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti Utah, á fi wákàtí kan kún aago, ẹ̀yin á ti rò pé ẹ ti pẹ́. Èyí tó burú ni ti ẹni tó wa ọkọ̀ láti Las Vegas nígbà òtútù: Arizona fi wákàtí kan ṣáájú Nevada nígbà náà, bí kò bá sì kà á mọ́ ọn, wọ́n á ti wọlé kó tó dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Vegas àti Page bá ara wọn dọ́gba. Ẹ fọwọ́ yín gbé aago fóònù sí Phoenix kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì débẹ̀ ṣáájú àkókò dáadáa.

Láti Las Vegas dé Page tó wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lórí ọkọ̀, láti Phoenix náà rí bẹ́ẹ̀, láti Flagstaff kò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀sán Upper nínú oṣù Kẹfà gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, torí wọ́n máa ń tán. Ti Lower ṣì máa ń kù nígbà tí ti Upper bá ti tán. Mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ sun Page, kí ẹ má ṣe lọ-bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti Vegas: bí òjò bá fagi lé ti òní, ẹ lè bẹ̀ wọ́n fún ti ọ̀la. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì lọ bó ṣe yẹ, Horseshoe Bend, ibi tí odò Colorado ti yí po bíi bàtà ẹṣin, wà nítòsí fún ìrọ̀lẹ́, dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀, ìrìn ibẹ̀ kò sì tó máìlì kan lọ, kò tó máìlì kan bọ̀.